Ìyapa Èrò Láàárín Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Ọdún 1945

Bí a bá ń pìtàn ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945, ìjà òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ìjọba amúnisìn ni a máa ń tẹnu mọ́. Ìjà mìíràn wà nínú ìjà náà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, èyíinì ni èyí tí ó wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Òun ni kí a yẹ̀ wò ní alẹ́ yìí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà gbówó lórí gidigidi. Ní 1942 ìjọba fi owó díẹ̀ kún owó oṣù nítorí ọ̀wọ́n ọjà, ṣùgbọ́n ọjà tún ń wọ́n sí i, owó àfikún náà kò sì sún síwájú. Ní oṣù kẹta ọdún 1945, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ̀wé pé kí a fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó àfikún náà, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ má sì dín sí ṣílè méjì àti sísì. Ìjọba kọ̀. Ẹgbẹ́ sì dá ọjọ́: bí ó bá di ọjọ́ 21 oṣù kẹfà láìrí nǹkan, àwọn yóò wá ọ̀nà ara wọn.

Ibẹ̀ ni ohùn ti di méjì. Àwọn kan nínú àwọn olórí ní kí a tún sún ọjọ́ náà síwájú, kí a fún ìjọba láyè láti ronú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pè wọ́n ní ojo. Òfin ìgbà ogun ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀. Akọ̀wé tí ó ti sin ìjọba fún ogún ọdún sì mọ ohun tí yóò sọ nù bí a bá lé e. Ohun a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fi agbára mú ní í le koko.

Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba mú ní 1943 tí ó sì lé kúrò ní Èkó, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdáǹdè ni. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ ìsúnsíwájú náà. Ẹgbẹ́ 17, tí àwọn ọmọ wọn lé ní 30,000, fi iṣẹ́ sílẹ̀. Rélùwéè dúró, iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà dẹnu kọlẹ̀. Ní oṣù keje, ìjọba fòfin de ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet. Lọ́dún náà gan-an ni Hubert Ogunde gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìtàgé nínú Strike and Hunger.

Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. A gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Tudor Davies kalẹ̀, òun náà ni ó sì dámọ̀ràn ìdá 50 tí wọ́n ti ń bèèrè fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ta ni ó wá jàre? Bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì, n kò rò pé ìgbìmọ̀ kankan ì bá jókòó. Ṣùgbọ́n níwájú ìgbìmọ̀, ariwo kò ṣiṣẹ́. Àlàyé àti ìṣirò ni a fi ń rojọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní tèmi, ìṣọ́ra kọ́ ni ẹ̀bi àwọn olórí tí ó fẹ́ sún ọjọ́ síwájú. Ẹ̀bi wọn ni pé ọjọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ ti gbọ́, tí gbogbo ẹgbẹ́ sì ti múra sílẹ̀ dè, ni àwọn díẹ̀ fẹ́ yí padà.

Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn rí irú rẹ̀. Ní 1950, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ UAC forí ṣánpọ́n, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì tú ká lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, àwọn ìhà tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ̀tá para pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí kan náà, ìjọba sì bá wọn jókòó. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ohùn bá di méjì nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá àwọn tí ebi náà ń pa ni a bi léèrè.