Ọyẹ́ àti Bọ́ǹbù Aṣálẹ̀

Ẹni tó bá ti gbé Yábàá tàbí Múṣin mọ ọyẹ́ dáadáa. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, eruku á bo tábìlì, á bo aṣọ tí a sá, ètè á sì máa là. Inú àsìkò ọyẹ́ gan-an ni ìjọba Faransé dán bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́ wò, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, ní Reggane ní gúúsù Algeria. Agbára rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima lọ.

Láti Reggane dé Èkó ju 2,000 kìlómítà lọ. Kí ló wá kan ará Sùúrùlérè níbẹ̀?

Ní ìparí ọdún 1938, Otto Hahn àti Fritz Strassmann ń fi neutron lu uranium ní Berlin, wọ́n sì bá barium níbẹ̀, ohun tí wọn kò retí. Lise Meitner àti Otto Frisch, ọmọ arábìnrin rẹ̀, ló wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀: kókó tó wà láàárín átọ́ọ̀mù uranium ti là sí méjì. Kókó tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ dà bí amù tí omi kún dé ẹnu, ohun kékeré tó kọ lù ú ti tó láti fọ́ ọ. Bó ti ń fọ́, neutron méjì tàbí mẹ́ta á tún fò jáde, wọ́n á lọ fọ́ òmíràn, agbára ńlá á sì tú jáde. Plutonium ni wọ́n fọ́ ní Reggane.

Àfọ́kù ni ìjọ̀gbọ̀n ibẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò á jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó bọ́ sí. Àfọ́kù átọ́ọ̀mù kì í jókòó, ó ń ta ìtànṣán tí ojú kò rí. Strontium-90 jọ calcium lójú ara, nítorí náà inú egungun ló ń wọ̀, pàápàá ti ọmọdé, ó sì tó ọdún 29 kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Caesium-137 ń lo bí ọgbọ̀n ọdún. Eruku ni wọ́n sì ń bá rìn.

Faransé ní aṣálẹ̀ lásán ni, kò séwu. Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ẹnu nìkan la ní. Wọ́n dán ìkejì wò ní oṣù Kẹrin. A gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Nígbà tí wọ́n tún dán ẹ̀kẹta wò ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, nínú ọyẹ́ mìíràn, ìjọba Balewa kò fi ẹnu nìkan dáhùn mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1961, ó já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé, ó lé Raymond Offroy, aṣojú wọn, kúrò l'Ékòó, ó sì ti èbúté mọ́ ọkọ̀ ojú omi wọn.

Ìgboyà ni lójú tèmi, pàápàá fún ìjọba tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Paris ló jẹ ìyà rẹ̀ jù. Niger kò ní òkun. Èbúté wa wà lára ọ̀nà ẹrù rẹ̀, láti Àpápá gba ojú irin Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta, Yábàá àti Múṣin lọ sí Kano. Dahomey náà fara gbá a. Kò pẹ́ tí ìjọba fi dẹ okùn náà. Faransé dán ẹ̀kẹrin wò ní oṣù Kẹrin 1961, wọ́n wá wọ abẹ́ òkè lọ ní In Ekker títí di 1966.

Ní oṣù Kejì 2021, eruku Sàhárà fò lọ sí Faransé fúnra rẹ̀, wọ́n sì bá caesium-137 nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀san ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àwọn bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà àti Soviet dán wò ní ibòmíràn ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti wá.