Monroeville, Olú-ìlú Káńtì Tí Ẹjọ́ Inú Ìwé Sọ Di Olókìkí

Monroeville jẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni olú-ìlú káńtì Monroe, ọ̀kan nínú káńtì 67 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Èèyàn 5,951 ni wọ́n kà níbẹ̀ nígbà ìkànìyàn ọdún 2020. Oko àti igbó páìnì ló yí i ká, ó sì tó nǹkan bí 160 kìlómítà sí Montgomery, olú-ìlú ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, ẹjọ́ kan tí adájọ́ kankan kò dá rí, àfi nínú ìwé ìtàn àròsọ, ti gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé.

Káńtì ni ìjọba tó sún mọ́ ará oko jù lọ níbẹ̀. Ìlú tí kóòtù káńtì bá wà ni olú-ìlú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ní Alabama, ìdìbò ni wọ́n fi ń yan ṣẹ́ríìfù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá káńtì, ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń dìbò yan adájọ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ogún àti ìwé ilẹ̀ ní ọdún mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tó ra ilẹ̀, ọmọ olóògbé tó fẹ́ pín ogún, tọkọtaya tuntun tó fẹ́ kí ìjọba mọ̀ wọ́n, kóòtù ni gbogbo wọn ń gbà lọ. Abájọ tí báńkì, ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì lọ́yà fi máa ń tò yí i ká.

Monroeville kọ́ ló kọ́kọ́ wà nípò yìí. Ọdún 1815 ni wọ́n dá káńtì Monroe sílẹ̀, ọdún mẹ́rin ṣáájú kí Alabama fúnra rẹ̀ tó di ìpínlẹ̀. Claiborne, ìlú èbúté létí odò Alabama, ni ọjà òwú ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Mobile, ibẹ̀ sì ni kóòtù wà. Ní 1832, wọ́n gbé kóòtù náà wá sí àárín káńtì kó lè súnmọ́ gbogbo ará káńtì. Monroeville gbilẹ̀, Claiborne di ahoro.

Kóòtù tí àlejò ń wá wò lónìí ni èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1904, ilé bíríkì tó ní aago gàgàrà lórí. Gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ rí bí ẹyin, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, páànù oníṣẹ́ ọnà ni àjà rẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì yí i po lápá ẹ̀yìn. Láyé tí òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, òkè yẹn ni àwọn aláwọ̀ dúdú ń jókòó sí.

Kò sí ibi tí ọwọ́ kóòtù káńtì kò dé nígbà náà. Ní 1931, obìnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Matilda McCrear fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ sí kóòtù Selma, olú-ìlú káńtì Dallas, tí kò jìnnà sí Monroe. Àbáké ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ilà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ọkọ̀ Clotilda kó òun àti ìyá rẹ̀ dé Mobile ní 1860, lẹ́yìn tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Ó ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún òun. Adájọ́ da ẹ̀bẹ̀ náà nù. Àbáké kú ní 1940.

Ní Monroeville, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Amasa Coleman Lee ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù yìí. Ní 1919, ó gbèjà ọkùnrin dúdú méjì tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Wọ́n so wọ́n kọ́, kò sì gba ẹjọ́ ọ̀daràn mọ́. Ọdún 1926 ni wọ́n bí Nelle Harper Lee, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọmọdé tó ń bá a ṣeré láti ilé kejì ni Truman Capote, tí wọ́n fi sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló di òǹkọ̀wé. Ní ìparí 1959, Harper Lee bá Capote lọ sí Garden City ní Kansas, olú-ìlú káńtì mìíràn, láti ṣèwádìí ìpànìyàn tó di ìwé Capote, *In Cold Blood*.

Ìwé Lee fúnra rẹ̀, *To Kill a Mockingbird*, jáde ní July 1960, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1961. Ó sọ nípa lọ́yà aláwọ̀ funfun kan tó gbèjà ọkùnrin dúdú tí wọ́n purọ́ ìfipábánilòpọ̀ mọ́. Nígbà tí Hollywood fẹ́ fi í ṣe fíìmù, Henry Bumstead, tó ń ṣètò ibi tí wọ́n ti máa ya fíìmù náà, wá sí Monroeville, ó wọn gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́ náà, wọ́n sì kọ́ irú rẹ̀ sí Califọ́níà. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é gba ẹ̀bùn Oscar.

Àròsọ náà ní ẹgbẹ́ nínú òtítọ́. Ní 1933, wọ́n fi irú ẹ̀sùn kan náà kan Walter Lett, ọkùnrin dúdú kan, nítòsí Monroeville. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n wá yí i sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní 1937. Ní 1987 ẹ̀wẹ̀, wọ́n mú Walter McMillian, agégi-gedú aláwọ̀ dúdú, pé ó pa ọ̀dọ́bìnrin kan láàárín ìlú. Àwọn ẹlẹ́rìí tó pọ̀ sọ pé ilé rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń din ẹja tà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn méjìlá tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n gbére. Adájọ́ sọ ọ́ di ikú. Lọ́yà Bryan Stevenson jà títí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1993, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé *Just Mercy* ní 2014. Ọdún 2017 ni Alabama tó gba irú agbára bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́.

Òwú nìkan kọ́ ni ìlú ń jẹ. Ilé iṣẹ́ Vanity Fair tó ń rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin dé ní 1937, ó sì gba ọ̀pọ̀ obìnrin síṣẹ́ kí iṣẹ́ ìránṣọ tó ṣí lọ sókè òkun. Ibi tí wọ́n ti ń lọ igi fún bébà ṣì wà lẹ́bàá odò.

Àlejò ni wọ́n wá ń retí. Kóòtù tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ láti 1963, èyí àtijọ́ sì di ilé ìṣẹ̀m̀báyé. Wọ́n ti wó ilé tí Lee dàgbà sí, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bọ́gà àti áísìkiriìmù síbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ará ìlú ti ń fi *To Kill a Mockingbird* ṣeré orí ìtàgé nígbà ìrúwé: ìta gbangba ni apá kìíní, inú gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́ ni apá kejì, ọkùnrin funfun méjìlá láàárín òǹwòran ni wọ́n sì ń mú jókòó gbọ́ ẹjọ́, bí ti àwọn ọdún 1930. Wọ́n gbé eré náà dé Jerúsálẹ́mù ní 1996.

Inú Lee kò dùn sí gbogbo rẹ̀. Ní 2013, ó pe ilé ìṣẹ̀m̀báyé náà lẹ́jọ́ lórí orúkọ ìwé rẹ̀ tó wà lára ọjà tí wọ́n ń tà. Wọ́n yanjú rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó kú sí Monroeville ní 2016, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ti sọ ìlú náà ní olú-ìlú lítíréṣọ̀ Alabama láti 1997. Ọmọ ibẹ̀ ni Mark Childress, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Ọmọ ibẹ̀ náà ni Cynthia Tucker, akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1955, tó gba Pulitzer tirẹ̀ ní 2007 fún àròkọ inú ìwé ìròyìn.