Agbẹjọ́rò Ìjọba àti Ẹ̀kọ́ Ọmọ Aláàbọ̀ Ara ní Creek Road

Creek Road, tí àwọn tírélà akẹ́rù ń gbà wọ èbúté Àpápá, wà láàárín ẹkùn ẹ̀kọ́ méjì, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé-ìwé girama: Àpápá bọ́ sí ẹkùn kẹrin, Ajégúnlẹ̀ sì bọ́ sí ìkarùn-ún. Sùúrùlérè ni ilé-ìwé Wesley fún adití (1958) àti Pacelli fún afọ́jú (1962) wà, òbí Ajégúnlẹ̀ sì ní láti gbé ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1975 fún irú òbí bẹ́ẹ̀ ní ìgbẹ́jọ́ pàtàkì, níbi tí agbẹjọ́rò ti ń gbèjà ẹkùn ilé-ìwé; ní Èkó, àwọn agbẹjọ́rò Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ní Aláùsá ló ń dúró fún ìjọba ní kóòtù. Apata wọn ni Orí Kejì ìwé òfin Nàìjíríà, tó ka ẹ̀kọ́ mọ́ ojúṣe ìjọba, ṣùgbọ́n tí kóòtù kò lè fipá mú ṣẹ, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ ní 1981 nínú ẹjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie pe ìjọba Èkó lórí ilé-ìwé aládàáni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà pé ẹni tó bá fẹ́ lè dá ilé-ìwé sílẹ̀. Àjọ UBEC, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, gbé àríyànjiyàn kan náà lọ sí kóòtù ECOWAS nígbà tí SERAP, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, pè é lẹ́jọ́, kóòtù náà sì kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2009. Ìdájọ́ yẹn tọ́, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ní 2011, Èkó ṣe òfin àwọn aláàbọ̀ ara, tó dá àjọ LASODA sílẹ̀ láti máa gbèjà ẹ̀tọ́ wọn.