Ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá: epo jíjẹ àti èròjà inú ewéko

Ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá ni àìsàn tí ọ̀rá ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: bí ọ̀rá bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ju 5 lọ nínú 100. Àwọn tó sanra jù àti àwọn onítọ̀ ṣúgà ló ń ṣe jù. Ní 1980, Jurgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ bíi ti ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀mùtí.

Irú epo tí à ń jẹ ṣe pàtàkì. Ní Uppsala, Sweden, àwọn olùwádìí fún àwọn ọ̀dọ́ 39 tí kò sanra ní kéèkì kéékèèké jẹ fún ọ̀sẹ̀ 7. Epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ti àwọn kan, epo sunflower ni ti àwọn yòókù. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn fi sanra sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹ̀dọ̀ àwọn tó jẹ epo ọ̀pẹ pọ̀ sí i gan-an ju ti àwọn yòókù lọ. Ọdún 2014 ni àbájáde náà jáde.

Ṣé epo pupa wa náà nìyẹn? Àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Epo tí wọ́n ti sẹ́ ni ti Uppsala. Epo pupa ní karotíìnì àti tokotrienol, ọ̀kan lára ẹbí fítámì E, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ́síjìn ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kò tíì sí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé wọ́n borí ọ̀rá líle tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì epo náà. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó dé ìkòkò pa, tó jó epo títí pupa rẹ̀ fi ṣí kó tó da ata ọbẹ̀ Ọ̀fadà sí i, karotíìnì ló fi jóná. Ọ̀rá ibẹ̀ kò lọ síbì kankan.

Nínú àwọn èròjà inú ewéko, fítámì E ló ní ẹ̀rí tó lágbára jù. Ní 2010, ìwádìí PIVENS lórí àgbàlagbà 247 tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 96, ẹ̀dọ̀ sàn sí i lára ìdá 43 nínú 100 àwọn tó ń lo 800 yúnìtì lójúmọ́. Ìdá 19 ni ti àwọn tó lo oògùn aláìléròjà. Ṣùgbọ́n ní 2011, ìwádìí mìíràn rí i pé jẹjẹrẹ próstéètì pọ̀ sí i lára àwọn ọkùnrin tó ń lo 400 yúnìtì. Nítorí náà, ẹ má ṣe rà á lò láìrí dókítà.

Ẹni tó sanra, tó wá dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù ní ìdá 7 sí 10 nínú 100, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sábà máa ń sàn sí i.