Gósìló: Ọ̀rọ̀ Ìjà Òṣìṣẹ́ Tó Di Ìnira Arìnrìn-àjò

Ọ̀rọ̀ àyálò kì í gbé gbogbo ìtàn rẹ̀ dání wọ inú èdè tuntun. Àpẹẹrẹ kan ni "gósìló". Létí ará Máfolúkù tó ń jáde lọ sí Òṣòdì láàárọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé ọkọ̀ ti tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀nà sì ti dí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun ìjà òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ kò pa iṣẹ́ tì. Ńṣe ló ń fà á ṣe títí ọ̀gá yóò fi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Glasgow lo ọgbọ́n yìí ní 1889, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì wọn kò so èso. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn awakùsà èédú ìlú Enugu dá ní oṣù kọkànlá ọdún 1949. "Welu nwayo" ni wọ́n pè é ní èdè Ìgbò, èyí tó jọ "ẹ rọra ṣe é". Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn ní Iva Valley. Awakùsà 21 ló kú.

Ní Èkó, ojú pópó ni ọ̀rọ̀ náà fìdí kalẹ̀ sí. Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì dé, ọkọ̀ pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Ní 1977, ìjọba pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba àti èyí tí kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀ má ṣe máa jáde lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ra ọkọ̀ kejì. Ní Òṣòdì, ojú irin, ọjà àti òpópónà ńlá pàdé lójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ wó àwọn ìsọ̀ tó gba ojú ọ̀nà níbẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìrìn ọkọ̀ ni ó ń yàwòrán. Kò sọ ẹni tó fà á. Gósìló ti Enugu ní olùṣe: òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ fa ẹsẹ̀. Ti Òṣòdì kò ní. Ó dà bí òjò tó kàn ṣú. Síbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló la ọ̀nà, ọwọ́ ènìyàn ló sì fi ọjà síbi tó wà. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ fi ń sọ agbára rẹ̀ ti wá di èyí tí arìnrìn-àjò fi ń gba kámú.