ALH 84001: Òkúta tó jẹ́ orúkọ olórúkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òkúta tó já láti ojú sánmà náà ńkọ́? Bákan náà ni o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, wọ́n rí ALH 84001 lórí yìnyín Allan Hills, ní Antarctica. Kò tó kílò 2. Diogenite ni wọ́n pè é, irú òkúta tí wọ́n gbà pé ara Vesta ló ti já wá.

Ní 1993, David Mittlefehldt rí i pé irú irin tó wà nínú ẹ̀ ò jọ ti diogenite. Wọ́n yẹ ọ́síjìn inú ẹ̀ wò: ọmọ Máàsì ni!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé òkúta ò purọ́, ìsọmọlórúkọ ló yá jù. Ká ní wọn ò padà yẹ̀ ẹ́ wò ni, a ò bá má mọ ilé ẹ̀ títí dòní.