Ẹṣin Ò Gun Àpáta

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìlú àkọ́kọ́ tí mo fi íápíìsì sétí rìn káàkiri rẹ̀ kì í ṣe Àrìgìdì, ìlú bàbá mi. Valletta ni, olú-ìlú Malta, erékùṣù kan láàrin òkun Mẹditaréníà tí n ò fojú rí rí. Inú ọgbà wa níbí, ní Àkùngbá, ni mo sì ti rìn ín.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá rí ohùn kan wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń fi sétí bí wọ́n bá dé ìlú àtijọ́. Afinimọ̀nà kankan kò sí níwájú wọn. Ohùn inú fóònù ni yóò máa sọ pé, "Dúró níbí. Gbójú sókè. Yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Lọ́jọ́ kan tí kò síná, tí ìwé sì ti sú wa, a pín íápíìsì kan ṣoṣo láàrin ara wa, etí kan fún un, etí kan fún mi, a bọ́ síta. Nígbà tí ohùn náà ní kí a máa wo ẹnubodè ìlú, ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì la wà. Nígbà tó ní kí a yà sọ́wọ́ ọ̀tún kí a lè rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, a yà lóòótọ́, a bá ara wa níwájú búkà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n a jẹ ẹ̀bà tán, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí ohùn náà sọ ni pé ní 1565, àwọn ọmọ ogun Ọ́tómánì láti ilẹ̀ Tọ́kì wá dó ti Malta fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Wọn ò rí i gbà. Nígbà tí ogun kásẹ̀, Jean de Valette, olórí àwọn jagunjagun onígbàgbọ́ tó ń ṣàkóso erékùṣù náà, fi òkúta ìpìlẹ̀ ìlú tuntun lélẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1566. Orí òkè kan tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n sì mọ odi yí i ká kí irú ogun bẹ́ẹ̀ má baà ká wọn mọ́lé mọ́. Òpópónà gbọọrọ gbọọrọ tí wọ́n là nígbà náà làwọn èèyàn ṣì ń rìn dòní.

Ni mo bá bi ara mi léèrè: ṣé ogun ò ja àwa náà ni? Àbí àwa ò sá gun òkè? Kí ló dé tí kò sí ohùn kan tí yóò sọ fún mi pé dúró níbí, gbójú sókè, nígbà tí mo bá dé Àrìgìdì?

Ohùn ọ̀hún kúkú wà. Inú fóònù mi ló wà látọjọ́ yìí.

Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ín. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Lọ́dún tí mo fẹ́ wọlé síbí, mo lọ kí Màmá, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi rìn yíká ìlú yìí kí n lè mọ̀ ọ́n." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, ọmọ mi. Ẹnu mi ni yóò bá ọ lọ." Ni mo bá tẹ fóònù. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Mo dúpẹ́, mo fi pamọ́. Ẹ sáà mọ bí àwa ọmọ ìsinsìnyí ti rí: a ó gba ohùn sílẹ̀, a ò ní gbọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, Màmá Àgbà papòdà. Láti ìgbà náà, bí ọwọ́ mi bá kan fáìlì yẹn, ńṣe ni mo máa ń yára gbé e kúrò. Ìrìn Valletta tí a rìn dé búkà yẹn ló fún mi láyà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ láti Àkùngbá dé Ìkàrẹ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àrìgìdì. Ibi tí ọ̀kadà já mi sí ni mo ti tẹ ohùn Màmá. Ohùn wọn jáde ketekete, mo sì ní láti dúró díẹ̀ kí ojú mi tó dá.

Wọ́n ní, "Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí Ìkàrẹ́. Wàá rí igi ọdán ńlá kan lápá òsì." Mo wòsì, mo wọ̀tún. Kò sí igi ọdán. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá èèyàn cháàjì fóònù ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Rìn títí o ó fi dé ilé alámọ̀ tí bàbá wa kọ́." Ilé búlọ́ọ̀kù oníṣíìtì aláwọ̀ pupa ni mo bá. Wọ́n ní kí n yà níbi tí wọ́n ti ń ro irin. Kò sí àgbẹ̀dẹ, kò sí ẹwìrì. Ọmọkùnrin kan ń ta kádì fóònù, ó ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàtọ̀ àwa àti Valletta rèé. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ tiwọn, àwa sì fi amọ̀ kọ́ tiwa. Òjò a máa fọ amọ̀, ọmọ a sì tún un kọ́ bó ṣe wù ú. Ohun tí mo fi ojú mi rí ò bá ohun tí mo ń gbọ́ mu rárá.

Pátákó kan ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Orúkọ oyè ọba ìlú ló wà lára rẹ̀: Zaki ti Àrìgìdì. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n ò ronú sí i rí. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ Yorùbá: Ọlọ́wọ̀ ló wà ní Ọ̀wọ̀, Olúbàkà ló wà ní Ọ̀kà. Létí Yorùbá, orúkọ wọ̀nyí ò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà z ò sí nínú a-b-d tí wọ́n kọ́ wa! Ọ̀rọ̀ Haúsá ni zaki, kìnnìún sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Báwo ni kìnnìún Haúsá ṣe dé orí ìtẹ́ ní Àkókó? Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ.

Mo ń rìn lọ, Màmá ń sọ̀rọ̀, títí mo fi dé ẹsẹ̀ òkè. Òkè yẹn nìkan ni kò tíì kúrò níbi tí Màmá fi í sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé, "Dúró níbẹ̀ yẹn. Gbójú sókè." Gẹ́lẹ́ bí ohùn Valletta! Mo gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì pa Yorùbá tì. Èdè Àrìgìdì ni wọ́n ń sọ. Ìṣẹ́jú méje gbáko. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó jọ "Tápà" lẹ́ẹ̀mejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n ò gbọ́ nǹkan kan.

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ ewì Yorùbá, tí mo lè tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ sí mófíìmù, mo dúró lábẹ́ òkè àwọn baba mi bí odi. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀ka-èdè Yorùbá kan ni, bíi ti Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́, pé bí èèyàn bá tẹ́tí dáadáa, yóò gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ní 1989, onímọ̀ èdè ará Benin kan, Hounkpati Capo, to àwọn èdè wọ̀nyí bí ẹní to ẹbí: ó kó Yorùbá, Ìgalà àti Iṣẹ́kírì sí agbo kan, ó kó Àrìgìdì, Erúṣú, Oyín, Ìgáṣí àti àwọn èdè Òkè-Àgbè sí agbo kejì, ó wá pe agbo méjèèjì ní ọmọ ìyá. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n Yorùbá ni èdè Màmá mi, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan kọ́ ló wà ní Àkókó. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Ìkákùmọ̀ àti Àúga tún yàtọ̀, ti Àkùnnù àti Gèdègédé tún yàtọ̀, àwọn kan sì wà lápá Èpìnmì tó bá èdè Ẹ̀dó tan. Ilẹ̀ tí a ń fi mọ́tò là kọjá ní wákàtí kan!

Níbi tí mo dúró sí, obìnrin àgbàlagbà kan ń sá láfún sórí àpáta. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan kan." Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, mo fi íápíìsì sí wọn létí. Ẹ ò ní gbàgbọ́: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá Màmá lóhùn! Bí Màmá bá sọ tán, àwọn náà á fèsì, bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Nígbà tó yá, wọn ò fèsì mọ́. Wọ́n yọ íápíìsì, wọ́n ní, "Ta ni obìnrin yìí sí ọ?" Mo ní ìyá bàbá mi ni. Wọ́n ní, "Jókòó, ọmọ mi."

Ohun tí wọ́n túmọ̀ fún mi nìyí. Màmá ní ìyá ìyá àwọn ló sọ ọ́ fún àwọn. Nígbà tí ẹlẹ́ṣin Tápà bá ń bọ̀, gbogbo ilé á gun òkè. Ẹṣin ò lè gun àpáta, pátákò rẹ̀ á máa yọ̀. Àwọn tó wà lókè á yí òkúta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oko ò sí lórí òkè, omi ò sì tó. Alẹ́ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wa iṣu. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà, ọmọbìnrin tí kò tíì wọlé ọkọ, sọ̀ lọ pọnmi láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò padà. Ìkòkò rẹ̀ ni wọ́n rí. Nítorí pé ẹnikẹ́ni ò rí òkú rẹ̀, wọn ò sunkún òkú, wọn ò sì dá ọjọ́ ìsìnkú. Ńṣe ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Màmá náà pè é nínú fóònù, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi obìnrin náà pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ ọ̀hún. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní orúkọ àtijọ́ ni, àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ mọ́.

Mo padà sí ọgbà, mo lọ ka ìtàn. Ohun tí Màmá sọ bá ìwé mu. Lẹ́yìn ogun jíháàdì, ìdílé Málàmù Dendo tó jẹ́ Fúlàní gba ìjọba ilẹ̀ Tápà. Ọmọ rẹ̀, Masaba, jọba ní Bídá títí di 1873. Ẹlẹ́ṣin Bídá ló ń já wọ Àkókó, ilẹ̀ Òkun àti Afẹ́nmáì, ẹrú sì wà lára ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbà. Láti ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn náà ò jẹ́ kí Àkókó sinmi. Ìyẹn ni òkè fi di odi wa, láti Ọ̀kà títí dé ibi tí mo dúró sí. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ òwò Royal Niger Company ti Goldie fi ìbọn Maxim àti àgbá ṣẹ́gun Bídá, tí ogun Tápà sì rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ làwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́lé sí pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ibì kan tún wà tí mo kà tí n ò lè sùn mọ́jú. Àwọn ọba Bídá kì í ta gbogbo ẹrú. Wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ jọ sí abúlé tuntun káàkiri ilẹ̀ Tápà kí wọ́n máa dáko fún wọn. Tungazi ni wọ́n ń pe irú abúlé bẹ́ẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, ará Àkókó wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí ọmọbìnrin ìkòkò omi yẹn ti bímọ níbẹ̀, kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ máa sọ Tápà lónìí, kí wọ́n má mọ ohun tó ń jẹ́ Àrìgìdì. Ìgbèkùn ló gba èdè lẹ́nu tiwọn. Èmi ńkọ́? Ta ló mú mi nígbèkùn? Àkúrẹ́ ni mo gbé, ilé ìwé ni mo lọ, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá pàdé ní ẹsẹ̀ òkè yẹn lọ́la, àwa ìbátan méjèèjì, Màmá á sọ̀rọ̀ nínú fóònù, a ó sì jọ máa wo ẹnu ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Malta díẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ wọn kò ju kìlómítà 316 níbùú lóròó, àwọn tó ń gbé e sì lé díẹ̀ ní ìdajì mílíọ̀nù. Ara èdè Lárúbáwá ni èdè wọn ti yọ. Síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó di èdè ìjọba ní 1934, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004. Lẹ́bàá wa níbí náà, onímọ̀ èdè kan, Sophie Salffner, ti wá gba ohùn àwọn àgbà Ìkákùmọ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìtumọ̀ sí i kí ó tó kó o sí ibi ìpamọ́ àwọn èdè tó ń kú lọ. Ìtumọ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Èmi náà gbohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n tọ́jú ariwo lásán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Erúṣú, Oyín, Àjọwá, Ẹ̀pìnmì, Ìkákùmọ̀ tí ẹ wà láàrin wa, tí ẹ ń ka ìwé yìí ní kíláàsì tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì: bí ẹ bá lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ má kàn tẹ fóònù síwájú àgbà bíi tèmi. Ẹ jókòó. Ẹ béèrè ìtumọ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣì lè dáhùn.

Obìnrin tó ń sá láfún ò jẹ́ kí n lọ lọ́jọ́ yẹn títí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní Àrìgìdì. Mo sọ ọ́, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún un sọ, àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní kí n tún gbé íápíìsì yẹn wá, pé àwọn fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.